Ọ̀nà Tí Ìwé Ìdìbò Ń Gbà Dé Ìpakodò

Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n dìbò yan alága àti káńsẹ́lọ̀ ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó. Káńsù 57 ni gbogbo rẹ̀: ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa dárúkọ, àti káńsù ìdàgbàsókè 37 tí ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2003. Ìkòròdú nìkan pín sí mẹ́fà, Ẹ̀pẹ́ pín sí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n kéde èsì, ẹgbẹ́ APC ló mú gbogbo ipò alága 57, ó sì mú 375 nínú ipò káńsẹ́lọ̀ 376. Àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e kò kéré. Ẹ̀gbẹ́ kan ní ìbò náà mọ́ bí omi àmù, ẹ̀gbẹ́ kejì ní kò mọ́. Ẹni tó ka ìbò àti ẹni tó kéde rẹ̀ ni gbogbo wọn ń sọ. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ẹni tó tẹ ìwé tí wọ́n fi dìbò, ibi tó ti tẹ̀ ẹ́, àti ọwọ́ tó gbà á kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀, tí a bá yẹ ìtàn ìdìbò ilẹ̀ wa wò, ojú ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ìbò ti bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun kan palẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé káńsù ló ń ṣètò ìdìbò káńsù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1999 pàṣẹ pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àjọ elétò ìdìbò tirẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀. LASIEC ni orúkọ ti Èkó, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní Sábó, ní Yábàá. Gómìnà ló ń yan alága rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ló sì ń fọwọ́ sí i. INEC tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kò dá sí i. Ìdìbò ààrẹ, gómìnà àti ti àwọn aṣòfin ni tirẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá fẹ́ yan alága ní Ìkòròdú, káńsù Ìkòròdú kọ́ ló ń wá agbaṣẹ́ṣe tí yóò tẹ ìwé, kì í ṣe òun ló ń san owó rẹ̀, kì í sì í ṣe òun ló ń pín in. Yábàá ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá.

Èkó ní òfin lórí bí ìjọba ṣe gbọ́dọ̀ rajà àti bí ó ṣe gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ jáde. Ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Irú òfin bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí a polówó iṣẹ́, kí àwọn agbaṣẹ́ṣe kọ iye tí wọn yóò gbà sínú àpòòwé, kí a sì tú àwọn àpòòwé náà lójú gbogbo wọn. Ó rọrùn láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún àga ilé ìwé tàbí kòtò ìdọ̀tí. Ìwé ìdìbò le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ìjọba bá polówó gbogbo àmì ìkọ̀kọ̀ tó wà lára ìwé náà, àwọn ayédèrú yóò ti kà á kí ilẹ̀ tó mọ́. Tí ó bá sì fi gbogbo rẹ̀ pamọ́, ta ni yóò mọ̀ bóyá ìwé tí wọ́n tẹ̀ ju iye tó yẹ lọ? Ẹnikẹ́ni lè gbé iṣẹ́ pósítà lọ sí Ṣómólú kó sì gbà á lọ́jọ́ kejì. Kò sí ohun tó burú nínú kí pósítà pọ̀ jù. Ìwé ìdìbò ẹyọ kan péré tó bá pọ̀ ju iye tó yẹ, ìbò ẹnì kan ló fẹ́ pa.

Àwọn tó ṣètò ìdìbò ní ìgbà òyìnbó mọ ìṣòro yìí, wọ́n sì wá ọgbọ́n sí i. Nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1959, ìwé ìdìbò kò ní àmì ẹgbẹ́ kankan lára. Ìwé kan náà ni gbogbo ènìyàn ń gbà. Àpótí ló yàtọ̀: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀ lára, ọ̀pẹ fún Action Group, àkùkọ fún NCNC. Olùdìbò yóò wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, yóò sì ju ìwé rẹ̀ sínú àpótí ẹgbẹ́ tó bá wù ú. Ó dára fún ẹni tí kò mọ̀wé, iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀ kò sì nira. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé lè fi ìwé rẹ̀ sápò, kó jáde, kó tà á fún ẹni tó máa kó mẹ́wàá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí ìwé náà kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ni ín, ọwọ́ tó bá dì í mú ló ni ín.

Ìwà yìí ló hàn gbangba ní Ìwọ̀ Oòrùn ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1965. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ara Èkó nígbà náà. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tó wà ní Ìbàdàn ni a wà, títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Nítorí náà ìtàn yìí kì í ṣe ti ará Ìbàdàn nìkan. Tiwa náà ni. Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ ti Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ló wà lórí oyè, àwọn Ọlọ́pẹ àti NCNC sì para pọ̀ ní UPGA láti bá a du ipò. Alága àjọ elétò ìdìbò nígbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Eyo Esua. Kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, ìwé ìdìbò ti wà lọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn. Esua fúnra rẹ̀ gbà lẹ́yìn náà pé ètò náà ní àbùkù ńlá. Nígbà tí wọ́n kéde pé Dẹ́mọ̀ ló wọlé, inú bí àwọn ènìyàn. Wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé àti mọ́tò, wọ́n ń ṣáná sí i. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní «wẹ́tíẹ̀». Ó ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1966.

Mo mọ̀ pé ohun tó fa ogun àti ìjọba ológun pọ̀ ju ìwé ìdìbò lọ. Olùkọ́ ìtàn wa yóò fà mí létí tí mo bá sọ pé ìwé nìkan ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí ìdì ìwé ìdìbò nínú ilé aládùúgbò rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìdìbò kò tún nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èsì fún un.

Ìgbà kan wà tí ìjọba gbìyànjú láti dìbò láìlo ìwé rárá. Ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1990 ni, ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ náà sì ni. Ẹgbẹ́ méjì péré ni ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbà láàyè: SDP tí àmì rẹ̀ jẹ́ ẹṣin, àti NRC tí àmì rẹ̀ jẹ́ idì. Wọ́n ní kí olùdìbò tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tó bá fẹ́, kí wọ́n sì kà wọ́n lójú gbogbo ayé. Kò sí agbaṣẹ́ṣe, kò sí ìtẹ̀wé, kò sí ọkọ̀ tó gbé nǹkan kan pamọ́. Ìyá ìyá mi tò lọ́jọ́ náà. Ó ní òun kò rí ìdìbò tó yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ń ka ènìyàn bí ìgbà tí a bá ń ka iṣu lọ́jà, kí oòrùn sì tó wọ̀, gbogbo àdúgbò ti mọ ẹni tó wọlé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yìn ẹni tí òun fẹ́ ni òun dúró sí. Onílé òun dúró sórí ìlà kan, owó ilé oṣù méjì sì wà lọ́rùn òun. Ó wo ìlà kejì, ó wo ojú onílé, ó sì lọ dúró sẹ́yìn onílé.

Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo mọ ohun tí ìwé ń ṣe gan-an. Ìwé ló ń jẹ́ kí ìyá àgbà lè jẹ gbèsè onílé kó má sì jẹ ẹ́ ní ìbò. Gbogbo wàhálà ìtẹ̀wé àti ìgbéwé, torí àṣírí yẹn ni. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, ìwé ti padà dé: olùdìbò ń tẹ̀ka ní kọ̀rọ̀, ó sì ń ju ìwé rẹ̀ sínú àpótí ní gbangba. Ìwé kọ́ ló ba ti ọjọ́ yẹn jẹ́. Ìjọba ológun ló fagi lé e ní ọjọ́ 23 oṣù náà.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ọdún 2007 ló yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti lè fojú rí bí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ṣe lè di ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ni ìdìbò ààrẹ. INEC ti ní Atiku Abubakar kò lè díje. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún péré sí ìdìbò, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé INEC kò ní agbára láti yọ olùdíje kúrò. Ìwé tuntun di dandan, nǹkan bí mílíọ̀nù 60. Orílẹ̀-èdè South Africa ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, bàálù ló sì gbé e wọlé nígbà tí ọjọ́ ìdìbò ti kù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ní ibi púpọ̀, ọ̀sán ni ìwé tó dé. Ní ibòmíràn kò dé rárá. Ìwé náà kò sì ní nọ́mbà.

Ẹ lè béèrè pé kí ni nọ́mbà fẹ́ ṣe. Ẹ ronú nípa ìwé rìsíìtì tí àwọn agbowó káńsù ń gbé kiri ọjà. Nọ́mbà wà lára èyí tí wọ́n ya fún ìyálọ́jà, nọ́mbà kan náà sì wà lára èyí tó kù sọ́wọ́ wọn. Tí ọ̀gá bá fẹ́ mọ̀ bóyá agbowó ń tan òun, yóò kàn wo nọ́mbà ni. Òfin ìdìbò ọdún 2006 fẹ́ ohun kan náà: kí wọ́n di ìwé ìdìbò pọ̀ ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀, kí nọ́mbà rẹ̀ sì tẹ̀ léra. Bí nọ́mbà bá wà, a lè sọ pé ìwé báyìí sí báyìí ni wọ́n fún wọ́ọ̀dù yìí, mélòó ni wọ́n lò, mélòó ló ṣẹ́ kù. Bí kò bá sí, ìwé tó wá láti South Africa àti èyí tó wá láti iyàrá ẹnì kan kò yàtọ̀ síra.

Ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 2008, adájọ́ mẹ́rin ní kí èsì ìdìbò dúró, adájọ́ mẹ́ta ní kí wọ́n fagi lé e. Adájọ́ George Oguntade wà lára àwọn mẹ́ta náà, àìsí nọ́mbà lára ìwé sì wà láàárín gbùngbùn ohun tó dúró lé. Adájọ́ kan ṣoṣo ló kù kí gbogbo ìdìbò ààrẹ Nàìjíríà wó nítorí nọ́mbà tí ilé ìtẹ̀wé kò tẹ̀. Ààrẹ Yar'Adua tó wọlé lọ́jọ́ náà gbà nínú ọ̀rọ̀ ìbúra rẹ̀ pé ìdìbò tó gbé òun wọlé ní àléébù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Attahiru Jega ló darí INEC lẹ́yìn ìyẹn, nọ́mbà sì padà sára ìwé. Ìrìn àjò ìwé kò tìtorí ìyẹn rọrùn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 2011, àwọn ènìyàn ti tò, àwọn kan ti dìbò, kí Jega tó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n pé kí gbogbo wa padà sílé. Ìwé èsì ìbò kò tíì dé. Àlàyé tí agbaṣẹ́ṣe ṣe fún un ni pé ìmìtìtì ilẹ̀ àti omíyalé tó ṣẹlẹ̀ ní Japan ní oṣù Kẹta ọdún náà ti gba gbogbo bàálù akẹ́rù. Ẹ wo bí ayé ṣe so kọ́ra: omi ya wọ ìlú ní Japan, ará Ìkòròdú kò rí ìbò dì. Ọjọ́ 9 ni wọ́n tó dì í. Ní ọdún 2019, nǹkan bí aago mẹ́ta òru ni alága tó tẹ̀ lé e, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu, kéde pé ìdìbò ààrẹ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ 16 oṣù Kejì ti di ọjọ́ 23. Ojú ọjọ́ kò jẹ́ kí bàálù fò, iná sì ti jó ọ́fíìsì INEC ní Abia, Anambra àti Plateau. Nígbà tí ìdìbò 2023 fi dé, Yakubu ní orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n ti tẹ gbogbo ìwé náà. Mo rò pé ìyẹn ni ìlọsíwájú tó tóbi jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ènìyàn kò sì pariwo rẹ̀ tó.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nílé kò ní kí ó rin ara rẹ̀ dé ibùdó. Ohun tí INEC máa ń ṣe ni pé ó ń kó ìwé ìdìbò àti ìwé èsì sí ẹ̀ka Báńkì Àpapọ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀. Nígbà tí ìdìbò bá ku ọjọ́ díẹ̀, aṣojú ẹgbẹ́, ọlọ́pàá àti oníròyìn yóò péjọ, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọkọ̀ tó gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti ibẹ̀ ó ń lọ sí wọ́ọ̀dù, níbi tí àwọn àgùnbánirọ̀ ti ń sùn mọ́jú, lẹ́yìn náà sí ibùdó. Ta ló ni ọkọ̀ náà? Awakọ̀ èrò ni, àwọn tí a ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ní oṣù Kẹta 2023, kí ìdìbò gómìnà tó wáyé, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Èkó ní kí INEC má ṣe lo ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn ibùdókọ̀ ìpínlẹ̀ yìí láti gbé nǹkan ìdìbò, nítorí àwọn tó pẹjọ́ sọ pé olórí ìgbìmọ̀ náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Ọ̀rọ̀ 1965 ló tún padà dé yìí: ọwọ́ ta ni ìwé wà?

Àwa tí a wà létí ọ̀sà tún ní tiwa lọ́tọ̀. Láti Ìpakodò títí dé àwọn abúlé Ẹ̀pẹ́, ibi kan wà tí ọkọ̀ ojú omi yá ju mọ́tò lọ. Ní oṣù Kọkànlá 2023, ọkọ̀ ojú omi tó gbé òṣìṣẹ́ INEC àti nǹkan ìdìbò dojú dé ní Ìpínlẹ̀ Bayelsa. Wọ́n yọ àwọn ènìyàn jáde láàyè. Ìwé kò mọ omi wẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí a fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sílé oníkálukú bíi ti ìlú òyìnbó, kí gbogbo wàhálà ọkọ̀ tán. Mo lọ wo bí tiwọn ṣe rí. Ní Bìrìtìkó, ọ̀gá ìdìbò tó wà ní káńsù gan-an ló ń gbé iṣẹ́ fún ilé ìtẹ̀wé, ilé ìfìwéránṣẹ́ sì ń gbé ìwé náà lọ sílé ẹni tó bá béèrè fún un. Àpòòwé méjì ló máa ń wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ìwé ìdìbò, ọ̀kan láti fi dá gbogbo rẹ̀ padà, pẹ̀lú ìwé tí olùdìbò yóò fọwọ́ sí tí yóò sì kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ lè forúkọ sílẹ̀, nítorí pé ọmọ Commonwealth ni. Ó yà mí lẹ́nu pé ọmọ Ìpakodò tó wà ní Peckham lè ti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ yan káńsẹ́lọ̀ ibẹ̀, kò sì sí ọ̀nà tó lè gbà yan ti ìlú rẹ̀ láti ibẹ̀.

Síbẹ̀ tiwọn náà kò pé. Nínú ìdìbò káńsù Birmingham ní ọdún 2004, ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn olóṣèlú, wọ́n ń kọ ọ́ fún ara wọn. Adájọ́ Richard Mawrey fagi lé èsì wọ́ọ̀dù méjì, Aston àti Bordesley Green, ní ọdún 2005. Nínú ìdìbò oṣù Keje 2024, ìwé pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Scotland, títí tí káńsù Edinburgh àti Fife fi ṣí ibi tí àwọn ènìyàn ti lè wá gba òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo rí dì mú nínú tiwọn kò ju pé ará Edinburgh mọ ọ́fíìsì tí yóò lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Káńsù rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà jáde, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Tí ìwé kò bá dé Ìpakodò, alága káńsù yóò sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ òun, òótọ́ ni yóò sì sọ.

N kò sọ pé kí wọ́n gbé ìtẹ̀wé fún káńsù. Alága tó ń wá ipò lẹ́ẹ̀kejì kò gbọ́dọ̀ tẹ ìwé tí wọn yóò fi dìbò fún un. Ohun tí mo fẹ́ kò náni lówó púpọ̀. Pátákó ìkéde wà níwájú ọ́fíìsì káńsù, ibẹ̀ ni wọ́n ń lẹ owó orí ilé àti owó ìsọ̀ mọ́. Kí LASIEC lẹ ìwé kan mọ́ ọn ní ọ̀sẹ̀ ìdìbò: orúkọ ilé ìtẹ̀wé tó gbaṣẹ́ náà, iye tí wọ́n san fún un, iye ìwé tó wà fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, àti nọ́mbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó parí. Lẹ́yìn ìdìbò, kí wọ́n tún lẹ iye tí wọ́n lò àti iye tó ṣẹ́ kù mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo mọ ìyọkúrò. Ìyálọ́jà tó ń wo nọ́mbà rìsíìtì rẹ̀ láràárọ̀ náà mọ̀ ọ́n, nígbà tí ìdìbò káńsù mìíràn bá sì dé, èmi náà yóò ti tó ìbò dì.